Orin Méjì, Ijó Kan
Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù Amẹ́ríkà tí a ń pè ní Picnic (1955), inú orin ni ọ̀rọ̀ wà. Ní alẹ́, létí odò, Hal àti Madge ń jó láìsọ̀rọ̀. Moonglow, orin jáàsì ọdún 1933, ni àwọn onílù ń lù jẹ́jẹ́. Bí ijó ti ń wọ̀ wọ́n lára, orin mìíràn tí George Duning ṣe fún fíìmù náà bọ́ sórí rẹ̀, méjèèjì sì ń lọ pọ̀ láìforígbárí. Èyí àkọ́kọ́ ni ijó tí ayé ń wò. Èkejì ni ìfẹ́ tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ, nítorí Alan, ọ̀rẹ́ Hal, ni ìyá Madge ń retí pé yóò fẹ́ ọmọ òun. Orin ti jẹ́wọ́ kí ẹnu tó là.