Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Yín Wà?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, aládùúgbò mi tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì gbé àwọn ìbejì rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn níhìn-ín. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà láti ra búrẹ́dì. Ìdòwú, ọmọ ọdún mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé àwọn ìbejì, ti sùn fọnfọn lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Oòrùn ti ń mú. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kí ooru jí i, ó fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ amúlétutù lè máa ṣiṣẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì rìn dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì. Ibẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ó ń gba ṣéńjì lọ́wọ́ ni ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ dún gbà. Kí ó tó yíjú padà, ọkọ̀ ti gbéra.

Igbe tí Ìyá Ìbejì ké kì í ṣe igbe ọkọ̀. "Ọmọ mi! Ọmọ mi!" ni ó ń pariwo bí ó ti ń sáré láìwọ bàtà. Àwọn ọlọ́kadà méjì gbá tẹ̀ lé ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni wọ́n gba ọmọ sílẹ̀; Ìdòwú fúnra rẹ̀ ni. Bí olè náà ti dé ìkóríta kejì, ọmọ náà jí, ó sì figbe ta. Ọkùnrin náà wẹ̀yìn, ó rí i pé òun ti gbé ohun tí òun kò bá wá. Ó pa ọkọ̀ tì sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan, ó kó àpamọ́wọ́ ìyá ọmọ, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni a ti bá Ìdòwú, tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí ẹkún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ohùn lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, ẹnu kò sinmi lára Ìyá Ìbejì. Àwọn kan tilẹ̀ ní obìnrin kò mọ ọkọ̀ tọ́jú. Ẹ jẹ́ kí á fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ojú mi ti rí ọkùnrin tí ó pọ̀ tí wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí iná lọ ra ìwé ìròyìn. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni ohun tí baálé ilé rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe: ó lọ ra ẹ̀rọ tí ń tọpa ọkọ̀. Ẹ̀rọ náà dára, n óò sì dárúkọ rẹ̀ níwájú, ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsí ẹ̀rọ ni ó gbé ọkọ̀ náà lọ. Kọ́kọ́rọ́ ni. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀, lọ́dọ̀ èmi o, kọ́kọ́rọ́ ni ibi tí ògiri ọkọ̀ ti máa ń lanu jù lọ.

Àwọn bàbá wa mọ èyí dáadáa. Ní ayé ìgbà tí Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá àti Peugeot 504 kún ìgboro, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975, bàbá mi kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì láìkọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Yóò tú ọmọrí kan báyìí lára ẹ́ńjìnnì, yóò yọ rótọ̀, ohun kékeré tí kò tóbi ju ìka ọwọ́ kan lọ, yóò sì jù ú sí àpò agbádá. Láìsí rótọ̀ yìí, iná kò lè dé ibi tí epo ti ń jó, kí olè ní kọ́kọ́rọ́ ọgọ́rùn-ún, ọkọ̀ kì yóò dún. Àwa ọmọ a máa rẹ́rìn-ín, màmá wa a sì máa bínú nítorí àbààwọ́n epo lára aṣọ òkè. Ṣùgbọ́n a kò jí ọkọ̀ bàbá wa rí.

Ọkọ̀ òde òní kò ní rótọ̀ mọ́. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ti wá ọgbọ́n mìíràn. Láti ọdún 1970 ni òfin Amẹ́ríkà ti béèrè pé kí ọkọ̀ tuntun ní àgádágodo tí ń de sítíárìn tàbí tí kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn nígbà tí a bá yọ kọ́kọ́rọ́. Èyí tí ó wá lágbára jù ú lọ ni immobiliser. Ohun wínńíwínní kan ni wọ́n fi pamọ́ sínú orí kọ́kọ́rọ́. Bí ọkọ̀ kò bá dá a mọ̀, ẹ́ńjìnnì kì yóò ṣiṣẹ́, bí ó ti wù kí irin kọ́kọ́rọ́ náà bá ojú ihò mu tó. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti oṣù kẹwàá ọdún 1998 ni ó ti di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun. Òfin Amẹ́ríkà kò sọ ọ́ di dandan, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá, nítorí pé Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ tí à ń gùn ti ń wá. Ní ọdún 2021 àti 2022, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń jí ọkọ̀ Hyundai àti Kia bí ẹni ń já èso lóko, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2022 tí à ń fi kọ́kọ́rọ́ onírin ṣí kò ní ẹ̀ṣọ́ yìí. Ẹnu wáyà tí à ń fi gba iná sí fóònù ni wọ́n fi ń yí i. Ní oṣù kejì ọdún 2023 ni àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún àwọn oníbàárà wọn níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín ní in, ẹ jẹ́ kí agékọ́kọ́rọ́ gé irin lásán tí ó bá ihò kọ́kọ́rọ́ yín mu, kí ẹ sì fi ṣáná sí ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá dún, tí ó sì ń bá a lọ láìkú, ẹ kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan níbẹ̀. Ẹ ba irin náà jẹ́, kí ẹ sì pe réwáyà tí ó ṣe é fọkàn tán. Owó díẹ̀ ni yóò gbà láti fi ṣíwíìṣì kan há ibi kọ́lọ́fín, tí yóò máa dí ẹ̀rọ tí ń fa bẹntiróòlù lọ́wọ́. Òun ni rótọ̀ ayé òde òní. Kí ó má ṣe hàn sí dírẹ́bà, kí ó má ṣe hàn sí olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kí àwọn ọmọ má sì máa fi ṣeré lójú àlejò. Irin gígùn tí a fi ń de sítíárìn náà wúlò. Olè tí ó bá rí i láti ojú gíláàsì lè yàn láti kọjá sí ọkọ̀ mìíràn.

Àwọn tí ọkọ̀ wọn kò gba irin rárá, tí wọ́n kàn ń tẹ bọ́tìnnì, kò bọ́. Kọ́kọ́rọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ lójú òfuurufú. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ kan ní Switzerland fi hàn pé olè méjì lè fa ohùn kọ́kọ́rọ́ tí ó wà nínú ilé gùn títí yóò fi dé etí ọkọ̀ tí ó wà níta: ọ̀kan dúró sítòsí ilé, èkejì dúró ti ọkọ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí. Mẹ́wàá ni irú ọkọ̀ tí wọ́n fi dán an wò. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní London mọ ìyà yìí dáadáa. Agolo bísíkíìtì onírin tí ó ní ìdérí ni mo gbà wọ́n níyànjú láti máa fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ẹ kó o sínú agolo náà, ẹ dé e, ẹ gbé e tọ ọkọ̀ lọ. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ẹ wá agolo mìíràn. Ẹ má sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ sára ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àbájáde mọ́.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò já mọ́ nǹkan bí a bá ń fi ọwọ́ ara wa fún àwọn ènìyàn ní kọ́kọ́rọ́, àwa obìnrin sì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí àwa ni à ń rán ọmọ ọ̀dọ̀ níṣẹ́. Ẹ ka àwọn tí kọ́kọ́rọ́ yín ti kọjá lọ́wọ́ wọn ní oṣù kan yìí. Mẹkáníìkì. Afọkọ̀. Àwọn géńdé tí ń bá wa wá àyè ìgúnlẹ̀ ní òde ìnáwó, tí a kò mọ orúkọ wọn, tí a kò sì rí wọn rí títí di ìgbà tí a dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Kọ́kọ́rọ́ onírin kò gbà ju kí á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọṣẹ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, àmì rẹ̀ ti dúró. Èyí tí ó burú jù ni pé ọ̀pọ̀ wa so kọ́kọ́rọ́ ilé, ti ṣọ́ọ̀bù àti ti kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ti ọkọ̀, a sì fi ìwé ọkọ̀ tí àdírẹ́sì ilé wà lórí rẹ̀ sínú ọkọ̀ kan náà. Afọkọ̀ ti ní ilé, ó ti ní ọ̀nà ilé. Ẹ tú wọn ká. Ẹni tí yóò fọ ọkọ̀ kò nílò ju kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo lọ, bí ẹ bá sì lè jókòó tì í títí yóò fi fọ̀ ọ́ tán, kò sí ohun tí ó dára tó ìyẹn.

Bí dírẹ́bà bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí tí ẹ bá ra tòkunbọ̀ tí ó bá kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo dé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kí ó pa ìrántí àwọn kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ rẹ́. Níbi tí a sì gbé ọkọ̀ sí ní ọjà tàbí ilé ìfowópamọ́, kí á má kàn tẹ bọ́tìnnì kí á máa lọ. Àwọn olè kan ní ẹ̀rọ tí ń dí ohùn bọ́tìnnì náà mọ́nú. Ẹ fa ọwọ́ ilẹ̀kùn wò.

Ẹnu géètì ní alẹ́ ni ẹ̀rù ti máa ń bà mí jù. Ìyá a sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣí ìlẹ̀kẹ̀ géètì, ọkọ̀ a máa dún, iná iwájú a máa tàn, àwọn ọmọ a sì wà ní ẹ̀yìn. Kí á fóònù sí ilé ṣáájú, kí ẹni tí ó wà nínú ilé ṣí i. Kí á wo dígí kí á tó yà sí àdúgbò wa; bí ọkọ̀ kan bá ń tẹ̀ lé wa, kí á kọjá ilé, kí á máa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ibi tí èrò wà. Bí ọkọ̀ bá rọra gbá wa lẹ́yìn ní ibi tí ó dá, kí á má sáré sọ̀ kalẹ̀ láti wo ibi tí ó tẹ̀. Bí adigunjalè bá ti yọ ìbọn, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: ẹ jẹ́ kí ó rí ọwọ́ yín, ẹ sọ ọ́ ketekete pé ọmọ wà lẹ́yìn, ẹ gbé ọmọ, kí ẹ sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ pe 112.

Àwọn olè mìíràn wà tí kì í tilẹ̀ gbé odidi ọkọ̀. Ní Èkó, Toyota tí a gbé sí ẹ̀bá ọ̀nà mọ́jú lè pàdánù ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box. Alágbẹ̀dẹ onírin lè ṣe àgò fún un. Ní ti dígí ẹ̀gbẹ́, gíláàsì àti iná, ẹ fín nọ́ńbà ọkọ̀ sí wọn lára. Olè tí ó gbé kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fun ún?

Mo ṣèlérí ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tí ń tọpa. Wákàtí àkọ́kọ́ ni ó wúlò jù, kí ọkọ̀ tó jìnnà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń jí kọjá sí orílẹ̀-èdè Benin le débi pé ìjọba Nàìjíríà ti ibodè pa fún ọjọ́ mélòó kan. Káàdì fóònù ni ó wà nínú ẹ̀rọ náà, tí a kò bá sì sanwó rẹ̀ déédéé, irin lásán ni a so mọ́ ọkọ̀. Ọlọ́pàá ni kí ẹ fi ibi tí ó bá tọ́ka hàn. Ẹ má dá lọ.

Ní ìparí, ọ̀rọ̀ adójútòfò. Èyí tí ó kéré jù, tí òfin mú ní dandan, tí owó rẹ̀ fún ọkọ̀ ara ẹni di 15,000 náírà láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ti ẹlòmíràn tí a bá fi ọkọ̀ ṣe lọ́ṣẹ́ ni. Kò san kọ́bọ̀ fún ọkọ̀ tí wọ́n jí. Èyí tí ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni yóò san án. Ìyá Ìbejì wá bá mi pé kí n bá òun wo irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé kí ó kọ nọ́ńbà ṣáṣí, èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, àti ti ẹ́ńjìnnì sínú ìwé kan nílé, kí ó má sì fi ojúlówó ìwé ọkọ̀ sínú ọkọ̀ mọ́. Mo tún sọ fún un pé bí wọ́n bá jí ọkọ̀, ilé-iṣẹ́ adójútòfò sábà máa ń béèrè ìwé ọlọ́pàá, wọ́n a sì ní kí á kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wá.

Ó ní, "Kọ́kọ́rọ́ méjì kẹ̀?" Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi wá ìkejì. A tú dúrọ́ọ̀, a tú àpótí àwọn ìbejì, a bi baálé ilé. Orí ìṣó kan ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni a ti rí i níkẹyìn, láàárín kọ́kọ́rọ́ àwọn ọkọ̀ mìíràn, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ọdún tí ó kọjá.