Ohun Tí Róólà àti Nínara Lè Ṣe fún Iṣan Tó Ń Ro

Àwọn tó lọ sí Òkè Ìdànrè máa ń fi àtẹ̀gùn rẹ̀ tó lé ní 600 dẹ́rù ba ara wọn. Wọ́n á ní gígun rẹ̀ ló le. Lóòótọ́, gígun ló ń mú èémí kúrú, àmọ́ sísọ̀kalẹ̀ ló ń mú kí itan máa ro lọ́jọ́ kejì, tí jíjókòó àti dídìde á fi di iṣẹ́.

Ìdí ni pé nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, iṣan itan ń nà, bẹ́ẹ̀ ló sì ń fagbára dá ara dúró kó má baà já lulẹ̀. Fífà sí ọ̀nà méjì yìí máa ń ya àwọn fọ́nrán tín-tín inú iṣan. Ara á wá rán omi àti èròjà ìtúnṣe lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ á wú díẹ̀, á sì máa dunni. Ìrora náà kì í yá dé. Ó sábà máa ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72, kó tó máa rọlẹ̀. Láti 1902 ni Theodor Hough, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé pé ó jọ pé iṣan tó ya nínú ló ń fà á.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣì ń sọ pé ásíìdì ló dì sínú iṣan, pé róólà fóòmù, ìyẹn fóòmù róbótó tí a ń yí ara lé lórí, ló máa fún un jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn eré ìdárayá, ara ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pè ní ásíìdì yẹn kúrò.

Kí wá ni róólà ń ṣe? Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ òkúta á kọ́kọ́ fọwọ́ ra ibẹ̀, ara á sì tù ú, bẹ́ẹ̀ egbò náà ṣì wà níbẹ̀. Irú iṣẹ́ tí róólà ń ṣe nìyẹn. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ rẹ̀ ń mú kí ọpọlọ dẹwọ́ lórí ìrora, iṣan á rọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ìrìn á sì gbádùn díẹ̀.

Bí a ṣe ń lò ó kò le. Tẹ́ ẹní sílẹ̀, gbé itan, ìdí tàbí ẹ̀yìn ojúgun lé róólà, kí o sì máa yí i lọ yí i bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60. Tí o bá dé ibi tó ń dùn, dúró síbẹ̀ díẹ̀ kí o máa mí. Tí ìrora bá mú ọ fún eyín pọ̀, o ti tẹ̀ ẹ́ jù. Fọwọ́ gbára lélẹ̀ kí ìwúwo rẹ dín kù. Má ṣe yí i lórí orúnkún, ọrùn tàbí ìbàdí. Bọ́ọ̀lù tẹníìsì dára fún àtẹ́lẹsẹ̀.

Ní ti nínara, àyẹ̀wò tí àjọ Cochrane gbé jáde ní 2011 fi hàn pé ohun tó ń dín kù nínú ìrora yìí kò tó nǹkan: kò tó máàkì márùn-ún nínú 100. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí oríkèé lè ṣí dáadáa. Na iṣan náà títí wàá fi mọ̀ ọ́n lára, dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, má sì máa jan ara. Ẹ̀yìn eré ìdárayá ló yẹ ẹ́. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, rírìn kánmọ́kánmọ́ àti jíju ẹsẹ̀ ló dára jù, torí nínà pẹ́ títí máa ń dín agbára iṣan kù fúngbà díẹ̀.

Oorun, oúnjẹ bí ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, pẹ̀lú ìrìn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ló ń ran ara lọ́wọ́ láti tún ara rẹ̀ ṣe. Iṣan náà ń kọ́gbọ́n: tí o bá tún ṣe irú iṣẹ́ yẹn láìpẹ́, ìrora kì í pọ̀ tó ti àkọ́kọ́.

Àmọ́ tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tó sì gbóná, tàbí tí ìtọ̀ bá dúdú bíi kóòkì lẹ́yìn iṣẹ́ agbára, gbé róólà tì, kí o sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.