BÍ ÀYÀ BÁ Ń LÙ SÉGESÈGE, TÍ ẸSẸ̀ SÌ Ń WÚ

Ìlera l'oògùn ọrọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkàn la fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ba ọkàn jẹ́ jù nílẹ̀ wa. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ aláìsàn 1,006 tí ọkàn wọn ti rẹ̀ wò ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́sàn-án, tí Nàìjíríà wà lára wọn, èsì tó jáde ní 2012 ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa ti nǹkan bí 45 nínú 100. Nǹkan bí 18 nínú 100 ni ọkàn wọn tún ń lù ségesège.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Yàrá méjì òkè ọkàn á máa gbọ̀n, ìsàlẹ̀ á wá máa sáré. Ẹni tó ń pọnmi ní kànga, tó ń fa korobá sókè kó tó kún, omi díẹ̀ ló máa gbé délé. Ẹsẹ̀ á wú, èémí ò ní délẹ̀ téèyàn bá sùn gbalaja. Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀jẹ̀ tó dúró sójú kan lè dì. Bó bá gba ọ̀nà ọpọlọ lọ, rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn.

Ìtọ́jú rẹ̀ pín sí mẹ́ta.

Èkíní, kí ẹ̀jẹ̀ má dì. Warfarin, apixaban tàbí rivaroxaban ni wọ́n ń lò. Aspirin ò lè rọ́pò wọn. Ẹni tó ń lo warfarin á máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ìwọ̀n ẹ̀fọ́ kan náà ni kó sì máa jẹ, kó má jẹ àjẹjù lónìí kó pa á tì lọ́la.

Èkejì, kí ọkàn yé sáré: bisoprolol, carvedilol, nígbà mìíràn digoxin.

Ẹ̀kẹta, kí lílù rẹ̀ padà sípò. Ìwádìí 2008 fi hàn pé fífi oògùn bí amiodarone ṣe èyí kò dín ikú kù ju dídẹ ìsáré ọkàn lọ. Wọ́n tún ń gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé lọ jó ibi tó ń da lílù rú. Nínú ìwádìí 2018, nǹkan bí 29 nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣe é fún ló kú tàbí tí ọkàn tún gbé dé ọsibítù. Ti àwọn yòókù jẹ́ 45. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ò sì pọ̀.

Ibi tó ń dùn wá rèé: bí ẹsẹ̀ bá ti rọlẹ̀, a ó ní ara ti yá, a ó fi owó oògùn kún owó ọjà. Ẹ gbọ́ o, oògùn ló jẹ́ kára yá! Ẹ̀jẹ̀ tó ń dì kì í pariwo. Bówó bá há, ẹ sọ fún dókítà kó wá èyí tọ́wọ́ ká, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ dá àjọ oògùn lọ́tọ̀. Ẹ má da àgbo pọ̀ mọ́ ọn, ẹ jìnnà sí oògùn ara ríro bí ibuprofen, ẹ dín iyọ̀ àti Maggi kù.

Ọjà tí a ò rà lóṣù yìí, a ó rà á lóṣù tó ń bọ̀. Bí ọwọ́ bá rọ, ta ni yóò bá wa palẹ̀ ìsọ̀?