Bí Iṣan Òórùn Ti Ń Hù Nínú Ọlẹ̀

Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Kétu, ní Kòsọ́fẹ́, tí ó sì gba ọjà Mile 12 lọ, kò nílò ojú láti mọ ibi tí òun dé. Àlùbọ́sà, ata àti tòmátì tí ń jẹrà ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. A máa ń yára di imú níbẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó ti béèrè bí imú ti ṣe ń mọ òórùn ata yàtọ̀ sí ti àlùbọ́sà. Kí a tó bí wa ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ọlẹ̀ bá pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, tí kò sì tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, ibi méjì a nípọn ní awọ iwájú orí rẹ̀. Wọn a rì wọnú díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi di ihò imú, láti ara wọn ni sẹ́ẹ̀lì òórùn sì ti ń hù. Ẹ kíyè sí i: ẹ̀yà ojú tí ń gba ìmọ́lẹ̀, láti inú ọpọlọ ni ó ti yọ wá, ṣùgbọ́n imú ni ó ń ránṣẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ọpọlọ. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan a na fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan sókè. Nígbà tí eegun bá ń le láàárín wọn, a mọ ara rẹ̀ yí àwọn fọ́nrán náà ká, ìdí nìyí tí ó fi kún fún ihò wẹ́wẹ́ bí asẹ́.

Linda Buck àti Richard Axel, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004, ni ó ṣí ìyókù payá. Ènìyàn ní irú agbòórùn bí 400, sẹ́ẹ̀lì kan a sì máa lo ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn. Àwọn fọ́nrán onírú kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ tú káàkiri inú imú, a pàdé lójú kan náà nínú ọpọlọ, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ àlùbọ́sà, láti ìlú yòówù kí ó ti wá, ti ń já ẹrù sí ìsọ̀ alálùbọ́sà. (Àwọn bàbá wa kò ṣìnà tí wọ́n fi wí pé a ń *gbọ́* òórùn: iṣẹ́ ni a jẹ́ fún ọpọlọ.)

Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn tún wà tí ń bá fọ́nrán wọ̀nyí rìn láti imú wọ inú ọpọlọ. Àwọn ni yóò máa darí ìbàlágà. Bí ọ̀nà náà bá dí, ọmọ lè má gbọ́ òórùn láéláé, kò sì ní bàlágà nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bàlágà. Kallmann, ọmọ Jámánì tí ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àrùn náà ní 1944, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè é. Oògùn wà tí ń mú kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bàlágà. Òórùn ni kì í sábà padà. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan bá wí pé òun kò gbọ́ òórùn iná tí ń jó ọbẹ̀, a kò gbọdọ̀ kà á sí ẹ̀fẹ̀.

Ní ti ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ ṣí, ìdàgbà náà kò parí ní ọjọ́ ìbí. Sẹ́ẹ̀lì òórùn kì í pẹ́ láyé; bí àwọn ogbó ti ń kú ni tuntun ń hù, tí fọ́nrán wọn sì ń gba inú ihò asẹ́ kan náà lọ.