Fóònù Amẹ́ríkà àti Òṣómàáàlò

Ẹni tó gbọ́njú nílẹ̀ Yorùbá á ti gbọ́ nípa Òṣómàáàlò. Oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà yóò gbé aṣọ dé ìlú onílùú, yóò tà á láwìn, bí ọjọ́ àdéhùn bá sì pé, yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó rẹ̀ yóò fi jáde. Ṣùgbọ́n onígbèsè ti rán aṣọ, ó ti wọ̀ ọ́ lọ òde. Aṣọ kò mọ̀ pé gbèsè wà lórí òun.

Àwọn iléeṣẹ́ fóònù Amẹ́ríkà náà ń tajà láwìn, wọ́n á máa gbowó rẹ̀ lóṣooṣù. Wọn kì í lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Inú fóònù gan-an ni wọ́n ti ń tì í pa: síìmù tiwọn nìkan ni yóò máa gbà títí gbèsè yóò fi tán.

Àwa kì í fura sí irú èyí. Láti 2001 tí GSM ti dé Nàìjíríà, owó ọwọ́ la sábà fi ń ra fóònù, síìmù tó bá sì wù wá la ń kì bọ̀ ọ́, MTN àti Glo nínú fóònù kan ṣoṣo. Bí ẹ̀gbọ́n bá wá fi iPhone ránṣẹ́ láti Houston, tí a ki síìmù Airtel sí i, ohun tó máa hàn lójú rẹ̀ lè jẹ́ SIM Not Supported. Fóònù ò bàjẹ́, síìmù ò bàjẹ́. Iléeṣẹ́ tó tì í ló ni kọ́kọ́rọ́. AT&T, bí àpẹẹrẹ, ń fẹ́ kí owó fóònù ti pé, kí wọ́n sì ti lò ó lọ́dọ̀ rẹ̀ fún 60 ọjọ́ ó kéré tán. Ẹni tó ra irú rẹ̀ ní tòkunbọ̀ ní Ìkẹjà ti ra gbèsè ẹlòmíràn mọ́ ọn, ó sì máa ń dùn mí, torí owó òógùn ojú rẹ̀ ló san.

Kí ẹ tó sanwó iPhone, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ General, lẹ́yìn náà About, kí ẹ wá Carrier Lock. Bí ẹ bá rí No SIM restrictions níbẹ̀, ó ti ṣí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò nídìí èyí: láti Oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso iléeṣẹ́ fóònù níbẹ̀, ti ní kí iléeṣẹ́ kankan má ta fóònù tó tì pa mọ́. Mo fara mọ́ wọn. Ẹni tó jẹ gbèsè ló yẹ kí wọ́n bá wí, kì í ṣe ẹni tí fóònù bọ́ sí lọ́wọ́.

Ẹni tó ń gbé fóònù láti ilé lọ sí Amẹ́ríkà ní ìṣòro tirẹ̀, èyí kò sì kan gbèsè rárá. Ní oṣù kejì ọdún 2022 ni AT&T pa 3G rẹ̀. Orí 4G ni ìpè ń gbà báyìí, fóònù tí kò bá sí lára àwọn tí AT&T fọwọ́ sí lè má ráyè pe ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn Tecno àti Infinix wa, tí wọn kì í tà ní Amẹ́ríkà, ló yẹ kí ẹ fura sí jù. Ẹ tẹ *#06#, kí ẹ sì fi nọ́ńbà IMEI tó bá jáde béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tí ẹ fẹ́ lò níbẹ̀ kí ẹ tó wọ bàálù.