Fabrizio Meoni, Akọni Alùpùpù Inú Aṣálẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa yìí jẹ mọ́ alùpùpù. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì wí pé, “Kí ni ti alùpùpù nínú ìwé àwọn olùkọ́?” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú sùúrù fún mi títí dé òpin, nítorí ibi tí alùpùpù gbé ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ dé kò jìnnà sí iṣẹ́ tiwa.

Ní Omole, lẹ́bàá Ọ̀jọ́dù, ni a gbé tọ́ mi dàgbà. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó fi òfin de ọ̀kadà pátápátá ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹjà ní 1 June 2022, ọ̀kadà ni ó ń gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn láti Bẹ́gà wọ inú àdúgbò wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà nínú àwọn tí ń wà á. Owó tí ó ń rí lórí rẹ̀ ni ó fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi. Orí rẹ̀ kan náà ni ó ti ṣubú tí eegun apá rẹ̀ fi ṣẹ́. Nítorí náà, láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì yìí lè gbé ènìyàn ga, ó sì lè gbé e ṣubú.

Nígbà tí a rán wa lọ fi ìkọ́ni dánra wò, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àdúgbò náà ni ó kàn mí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo sọ ìtàn Fabrizio Meoni fún àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún. Nígbà tí mo parí, ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní, “Tíṣà, ṣé ó mọ̀ pé òun lè kú? Bí ó bá mọ̀, kí ló dé tí ó fi lọ?” N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n mú ìwé ìṣirò wọn jáde. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi, òun ni mo sì fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ta wá ni Meoni? Ọmọ ilẹ̀ Ítálì ni. Wọ́n bí i ní 31 December 1957 ní Castiglion Fiorentino, ìlú kékeré kan ní ẹkùn Tuscany. Ilẹ̀ Ítálì kì í ṣe àlejò nínú ọ̀ràn eré alùpùpù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bí Giacomo Agostini, ẹni tí ó gba ipò kìn-ín-ní lágbàáyé ní ìgbà 15 láàrin 1966 àti 1975. Ṣùgbọ́n orí ọ̀nà tí a fi ọ̀dà tẹ́ ni Agostini ti sá eré tirẹ̀, ọ̀nà tí ènìyàn ń yípo títí tí yóò fi mọ gbogbo kọ́nà rẹ̀ bí ẹni mọ àgbàlá ilé baba rẹ̀. Eré ti Meoni kò rí bẹ́ẹ̀. Inú aṣálẹ̀ Áfíríkà ni ó ti gba orúkọ, níbi tí ọ̀nà òní kì í ti í ṣe ọ̀nà àná.

Eré náà ni a ń pè ní Paris sí Dakar. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Thierry Sabine ni ó dá a sílẹ̀. Ní 1977, ó ń gun alùpùpù nínú ìdíje kan láti Abidjan lọ sí Nice, ó sì sọnù nínú aṣálẹ̀ Líbíà. Ó kù díẹ̀ kí òùngbẹ pa á kí wọ́n tó rí i. Ẹlòmíràn ì bá ti búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ yanrìn mọ́, ṣùgbọ́n ẹwà aṣálẹ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ní 26 December 1978, ọkọ̀ àti alùpùpù 182 gbéra ní Paris lábẹ́ ìdarí rẹ̀. 74 péré ni ó dé Dakar. Sabine fúnra rẹ̀ kú ní ilẹ̀ Mali ní January 1986, nígbà tí hẹlikópítà tí ó wọ̀ já lulẹ̀ bí eré náà ti ń lọ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ti ń sá eré náà nígbà ayé Meoni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn agùn-alùpùpù ń gbéra, ẹnì kan tẹ̀lé ẹnì kan. A ti pín ìrìn àjò náà sí ìpele-ìpele, ọjọ́ kan fún ìpele kan. A ó ṣírò àkókò tí olúkúlùkù lò lójoojúmọ́. Ní òpin gbogbo rẹ̀, a ó ro ó pọ̀, ẹni tí àkókò rẹ̀ bá kéré jù ni olúborí. Nítorí náà, ẹni tí ó yára jù lónìí lè pàdánù ohun gbogbo lọ́la bí ó bá ṣìnà fún wákàtí kan tàbí méjì. A kò ri òpó àmì mọ́ ojú ọ̀nà fún wọn. Ìwé gígùn kan, tí a ká bí ẹní, tí a sì dè mọ́ iwájú alùpùpù, ni ó ń sọ fún wọn pé: lọ tó báyìí, yà sí ọwọ́ ọ̀tún, ṣọ́ra fún kòtò. Bí agùn-alùpùpù ti ń fi ojú kan ka ìwé yìí ni ó ń fi ojú kejì ṣọ́ ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró níwájú kíláàsì rí yóò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti fi ojú kan wo ìwé kí a sì fi èkejì ṣọ́ àwọn ọmọ!

Yanrìn aṣálẹ̀ pẹ̀lú ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń kó o jọ di òkìtì ńláńlá. Apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá a máa ga sókè ní díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n apá kejì a máa dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá fi eré gun orí rẹ̀ láì mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn yóò kàn bá ara rẹ̀ ní òfurufú ni. Ẹni tí ó bá sì lọ́ra jù, yanrìn yóò gbé táyà rẹ̀ mì, yóò sì di ẹni tí ń fi ọwọ́ wa ilẹ̀ nínú oòrùn. Ìwọ̀n ni ọ̀gá níbẹ̀. Ìwọ̀n kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi ọjọ́ kan kọ́.

Bóyá èyí ni ó mú kí ògo Meoni pẹ́ kí ó tó dé. Inú ìdíje orí òkè àti inú ẹrẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ń ta alùpùpù ní ìlú tí a bí i sí. Ní 1992, nígbà tí ó ti pé ọdún 34, ni ó kọ́kọ́ bá wọn sá eré Sabine yìí, ní ọdún tí wọ́n gba Áfíríkà kọjá títí dé Cape Town. Ní ilẹ̀ Tùnísíà àti ní Íjíbítì ó borí nínú ìdíje inú aṣálẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n Dakar ṣe agídí sí i. Ní 1998 ó gba ipò kejì, lẹ́yìn Stéphane Peterhansel ọmọ ilẹ̀ Faransé. Ọmọ Ítálì mìíràn, Edi Orioli, ti borí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ní 1988, 1990, 1994 àti 1996. Gbogbo ayé sì ń bi Meoni pé, ìgbà wo ni tirẹ̀?

Ní January 2001 ni tirẹ̀ dé. Ó jẹ́ ẹni ọdún 43, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ eléré ìdárayá ti fi eré sílẹ̀. Alùpùpù KTM, tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Ọ́stríà, ni ó gùn láti Paris dé Dakar, ìrìn tí ó lé ní kìlómítà 10,000, ó sì borí. Ilé-iṣẹ́ náà ti ń lépa ipò kìn-ín-ní yìí fún ọdún púpọ̀ láì rí i mú. Meoni ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn: láti ọdún náà títí dé 2019, ní gbogbo ìgbà 18 tí a sá eré náà, KTM ni ó ń gba ipò kìn-ín-ní nínú àwọn alùpùpù. Ní 2002 Meoni tún borí, lórí ẹ̀rọ tuntun onísílíńdà méjì tí ó tóbi ju ti ìṣáájú. Ní 2003 ó ṣe ipò kẹta. Àwọn àgbà wa ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó wà láàrin ìgbà tí ó kọ́kọ́ bá wọn sá eré náà àti ìgbà tí ó borí.

Bí a bá parí ìtàn síhìn-ín, ìtàn dídùn ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kì í ya ojú ìwé tí ó korò kúrò nínú ìwé.

Ní September 2004, Richard Sainct, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ti borí ní Dakar ní ẹ̀ẹ̀mẹta tí òun àti Meoni sì jọ ń gun KTM, ṣubú ní ilẹ̀ Íjíbítì, ó sì kú. Ọ̀ràn náà dun Meoni púpọ̀. Ó ní eré Dakar tí ń bọ̀ ni yóò jẹ́ ìgbẹ̀yìn òun. Barcelona ni wọ́n ti gbéra ní ọdún náà, ní 31 December 2004, ọjọ́ tí ó pé ọdún 47. Ní 10 January 2005, José Manuel Pérez ọmọ ilẹ̀ Spéìn kú nípa ọgbẹ́ tí ó gbà nínú eré náà. Ní ọjọ́ kejì, láàrin Atar àti Kiffa ní ilẹ̀ Mọriténíà, Meoni ṣubú. Àwọn oníṣègùn fi hẹlikópítà sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e, wọ́n fagi lé ìpele náà fún àwọn agùn-alùpùpù.

Ọ̀rọ̀ kan sì tún wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún àwọn ọmọ wa. Àwọn tí ń sá eré náà mọ ewu tí ó wà níbẹ̀, àwọn ni wọ́n sì yàn án. Ṣùgbọ́n eré náà ń gba ẹ̀bá abúlé kọjá, àwọn ọmọdé a sì máa sáré jáde wò ó. Ní 2006, ọmọ méjì ni ọkọ̀ pa bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ní Gínì, èkejì ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Àwọn wọ̀nyí kò yan ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú, wọ́n ní kò tọ́ kí eré àwọn olówó máa gba àárín ilé àwọn tálákà kọjá. Ní 2008 a kò sá eré náà rárá nítorí ìbẹ̀rù àwọn apániláyà ní Mọriténíà. Láti 2009 wọ́n gbé e lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, láti 2020 sì ni wọ́n ti ń sá a ní Saudi Arábíà. Orúkọ Dakar nìkan ni ó kù lára rẹ̀.

Kí ni ó wá kù lára Meoni ní Áfíríkà? Ibí yìí ni mo ní kí ẹ mú sùúrù dé. Nígbà tí àwọn mìíràn gba ife-ẹ̀yẹ wọn ní Dakar tí wọ́n sì wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sílé, Meoni bojú wẹ̀yìn. Ó rí àwọn ọmọ tí kò ní ilé-ẹ̀kọ́. Òun àti àwọn ènìyàn ìlú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kó owó jọ láti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ Dakar. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àánú kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, wọ́n sì bá iṣẹ́ náà lọ ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl. Afẹ́fẹ́ ti gbá ipa táyà rẹ̀ kúrò lórí yanrìn Mọriténíà tipẹ́tipẹ́. Ọmọ tí ó kọ́ a, b, d nínú ilé tí ó bá wọn kọ́, afẹ́fẹ́ kò lè gbá ìyẹn lọ.

Nísinsìnyí mo padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin tí ó na ọwọ́ sókè. Bí mo bá tún dé kíláàsì náà, báyìí ni n ó ṣe dá a lóhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, ó mọ̀ pé òun lè kú. Ó fẹ́ràn eré náà, ìfẹ́ kì í sì í fi gbogbo ìgbà gbọ́ ti ọgbọ́n. Ó ti pinnu láti dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ọ̀rọ̀ “ẹ̀ẹ̀kan sí i” yìí ni kí ìwọ àti èmi máa ṣọ́ra fún. N kò ní sọ fún un pé ikú náà dára nítorí pé akọni ni ó kú u. N ó sọ fún un pé ohun tí ó dára ni ohun tí ó fi èrè eré rẹ̀ ṣe.

N ó sì sọ ti ẹ̀gbọ́n mi fún un pẹ̀lú, ẹni tí kò gba ife-ẹ̀yẹ kankan rí. Láràárọ̀ ni ó ń gbéra lọ sí Bẹ́gà, ó mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ìrọ̀lẹ́ a sì dé tí yóò ka owó lé orí tábìlì, tí yóò ya owó ìwé mi sọ́tọ̀. Òun náà gun alùpùpù títí ó fi di ilé-ẹ̀kọ́ fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn ọmọ tí a ó kọ́ fẹ́ràn eré sísá, wọn yóò sì máa bi wá léèrè ẹni tí ó yára jù láyé. Ẹ má ṣe bá wọn wí. Ẹ sọ fún wọn, pẹ̀lú ọdún àti iye rẹ̀, kí ẹ má sì fi ikú pamọ́ fún wọn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan tiyín: nígbà tí ó dé ibi tí ó ń sáré lọ, kí ni ó ṣe níbẹ̀?