Bí Àdàkọ Ìwé Ẹgbẹ́ Kò Bá Lọ Mọ́

Nígbà tí ìjọba ti Twitter pa, láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù kìíní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ènìyàn fi VPN sórí kọ̀ǹpútà. Bí ó bá ṣì wà lórí ti ẹgbẹ́, ó lè dènà àdàkọ ìwé owó tí à ń fi pamọ́ sí Google Drive.

Ó dà bí ẹni tí a rán láti Ìpara sí Ṣágámù, tí ó gba Ìbàdàn lọ: bí ọ̀nà bá já, iṣẹ́ dúró. Alágbàtà ni proxy: bí ó bá ti kúrò nídìí iṣẹ́, tí kọ̀ǹpútà ṣì ń wá a, nǹkan kan kò ní í kọjá.

Ohun tí a ó ṣe nìyí:

1. Ẹ pa VPN, kí ẹ tún un rán.
2. Bí ó bá lọ, tí ẹgbẹ́ kò sì nílò VPN, ẹ yọ ọ́ kúrò.
3. Bí kò bá lọ, ẹ wo Proxy nínú Settings. Ẹ pa èyí tí a kò lò mọ́.
4. Ẹ ṣí àdàkọ kan, kí ẹ fi wé ojúlówó.

Ìfowópamọ́ àti ẹ̀yáwó gbogbo wa ni ó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ọ.